Espacenet lójú ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá fuel cell rẹ̀ lè gba páténtì

Kí ẹnikẹ́ni tó ní ìhùmọ̀ lórí fuel cell tó sanwó fún ẹni tí yóò bá a wá ìwé páténtì kiri, kó kọ́kọ́ lọ jókòó ti Espacenet, ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń wá ìwé páténtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin ń fún olùhùmọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ́fíìsì Páténtì ti Yúróòpù, tó fìdí kalẹ̀ sí Munich ní Jámánì, ló gbé e jáde ní 1998. Ẹ kò ní forúkọ sílẹ̀, ẹ kò sì ní fi káàdì báńkì hàn kí ẹ tó wọlé. Ìwé páténtì tó wà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 150, èyí tó pẹ́ jù nínú wọn sì ti 1782 wá. Mo ń lò ó níbi iṣẹ́ mi ní Birmingham níhìn-ín, níbi tí a ti ń dán fuel cell wò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbúrò mi kan tó wà ní Ìlọrin ló jẹ́ kí n lò ó dé ìsàlẹ̀, dé ibi tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lò ó kì í tẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ mú yín dé.

Àbúrò mi yìí, ọmọ àbúrò ìyá mi, ẹnjiníà ni. Àwo inú fuel cell ló ṣe. Kí ọ̀rọ̀ lè yé ẹni tí kò rí fuel cell rí: háídrójìn ń gba apá kan wọlé, afẹ́fẹ́ ń gba apá kejì, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì wà láàárín wọn. Platinum, irin iyebíye tó wà lára awọ náà, ń tú háídrójìn sí méjì, proton àti electron. Proton á gba inú awọ kọjá. Electron kò lè gba ibẹ̀, inú wáyà ló máa gbà yípo, ìyẹn sì ni iná tí à ń lò. Ní apá kejì, àwọn méjèèjì á pàdé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, wọ́n á di omi. Nínú ìṣirò, sẹ́ẹ̀lì kan yẹ kó mú volt 1.23 wá, lẹ́nu iṣẹ́, nǹkan bíi 0.6 sí 0.7 la máa ń rí, ìdí nìyẹn tí a fi ń to ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì lé ara wọn. Àwo ló máa ń wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì, a sì gbẹ́ poro sí i lára kí afẹ́fẹ́ àti háídrójìn lè tàn ká.

Omi ni wàhálà àwo yìí. Bí awọ bá gbẹ, proton kò ní ráyè kọjá. Bí omi bá pọ̀ jù, poro á dí, afẹ́fẹ́ kò sì ní dé ibi tó yẹ kó dé mọ́. Gbogbo wa tí a ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀ la ti bá ìyẹn jìjàkadì.

Àbúrò mi gbẹ́ poro tirẹ̀ bí iṣan ewé: ńlá kan láàárín, àwọn kéékèèké tó yà kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n sì ń tín-ín-rín bí wọ́n ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ òwú carbon sí etí àwo, tó ń fa omi láti ẹnu ìjáde padà wá sí ẹnu ìwọlé, níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti ń wọlé. Ó ní nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ Ìlọrin gbẹ débi pé ètè ń là, sẹ́ẹ̀lì òun ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹ̀rọ kankan tó ń fi omi sí afẹ́fẹ́. Fáànù kékeré kan ló ń fẹ́ ẹ. Ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, orí mi sì wú.

Ó ti san owó fún ilé-iṣẹ́ kan kí wọ́n bá òun wá inú ìwé páténtì. N kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n fi ìwé tó dára lójú ránṣẹ́ sí i, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kò rí ìhùmọ̀ kankan tó bá tirẹ̀ mu pátápátá.

"Àǹtí, wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ níbì kankan."

"Ó dáa. Ṣé wọ́n sọ fún ọ bóyá ẹlòmíràn tó mọṣẹ́ yìí ì bá ti dá dé ibi tó o dé?"

"Rárá o. Wọn ò mẹ́nu bà á."

Ohun tó bí mi nínú nìyẹn. Ìbéèrè méjì ni òfin páténtì ń béèrè lọ́wọ́ olùhùmọ̀. Àkọ́kọ́, ṣé ẹnìkan ti ṣe é rí? Èkejì ló le jù: bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì ṣe é, ṣé kò hàn gbangba sí ẹni tó mọṣẹ́ náà níwọ̀n, bí gbogbo ohun tó ti wà nílẹ̀ bá wà níwájú rẹ̀? Wọ́n gba owó lọ́wọ́ ọmọ yìí, wọ́n dáhùn ìbéèrè tó rọrùn, wọ́n sì jẹ́ kó máa rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nídìí fuel cell, ìbéèrè kejì ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: awọ, platinum, carbon, àwo, omi, afẹ́fẹ́. Kò ṣòro láti tò wọ́n pọ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà tò wọ́n rí. Kí ẹni tó mọṣẹ́ má lè sọ pé òun náà ì bá tò wọ́n bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Òfin Nàìjíríà náà mọ ìbéèrè kejì yìí. Patents and Designs Act ti 1970 sọ pé ìhùmọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tó hàn gbangba láti inú ohun tó ti wà nílẹ̀, yálà nínú ọ̀nà tí a gbà ṣe é, nínú bí a ṣe pa ọ̀nà pọ̀ mọ́ ara wọn, tàbí nínú èsì tó mú wá. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó ń forúkọ páténtì sílẹ̀ ní Abuja kì í yẹ ìyẹn wò kó tó fúnni ní ìwé. Bóyá ìwé tí a kó wá pé ni wọ́n ń wò. Òfin kan náà sọ ọ́ kedere pé ọrùn ẹni tó gba páténtì ni ewu rẹ̀ wà, ìjọba kò ṣe onídùúró fún un. Èèyàn lè gba ìwé náà, kó fi gíláàsì bò ó, kó gbé e kọ́ sára ògiri, kí adájọ́ sì fagi lé e lọ́jọ́ tó bá pe ẹni tó jí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́. Àbúrò mi sì fẹ́ gbé tirẹ̀ dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi tí olùyẹ̀wò ọ́fíìsì páténtì yóò ti bi í ní ìbéèrè kejì yẹn lójúkojú.

Nítorí náà mo jókòó ti Espacenet.

Àwọn tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ máa ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú àpótí àwárí, bí a ṣe ń ṣe lórí Google. Nídìí fuel cell, ìyẹn kò tó. Àwo kan ṣoṣo yìí, ẹlòmíràn ń pè é ní bipolar plate, ẹlòmíràn ní flow field plate, separator ló pọ̀ jù nínú ìwé àwọn ará Japan, àwọn tó ń ṣe irú fuel cell tó ń gbóná gan-an sì ń pè é ní interconnect. Ẹ mú orúkọ kan, ẹ ti sọ àwọn yòókù nù. Nọ́ńbà ẹ̀ka, èyí tí àwọn ọ́fíìsì páténtì fi ń pín ìhùmọ̀ sí ọ̀wọ́, ni kí ẹ mú. Láti 1 January 2013 ni ọ́fíìsì Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà ti jọ ń lo ìpín tí wọ́n ń pè ní CPC. H01M 8 ni ti fuel cell. Ẹ wọ inú rẹ̀ lọ, ẹ ó rí H01M 8/0258, tó jẹ́ ti bí a ṣe to poro sára àwo, àti H01M 8/0263 fún poro tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ. Ọ̀rọ̀ fífi omi sí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ H01M 8/04. Ìwé Japan tàbí ti Korea tí ẹ kò lè ka ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ yóò jáde lábẹ́ nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà. Espacenet tẹ́ gbogbo ẹ̀ka yìí sílẹ̀ tí ẹ lè máa ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣàlàyé ohun tó wà lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Kò sí ibòmíràn tí mo ti rí i kó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì ni kí ẹ mú ìwé kan tí ẹ mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì, kí ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Citations sí. Èmi mú US 4,988,583 tí àwọn ẹnjiníà Ballard, ilé-iṣẹ́ Canada, hùmọ̀, tí wọ́n gba páténtì rẹ̀ ní 1991. Ìwé yìí ló sọ nípa poro tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ láti ẹnu ìwọlé dé ẹnu ìjáde, tí afẹ́fẹ́ fi ń ti omi síwájú. Espacenet fi àwọn ìwé tó tọ́ka sí hàn mí, ó sì fi àwọn tó wá lẹ́yìn tó tọ́ka sí i hàn mí. Ẹ̀yìn ni mo tẹ̀lé, síwájú ni mo tẹ̀lé, mo fi nọ́ńbà ẹ̀ka dí i kó má tàn kálẹ̀ jù. Kò pẹ́ tí àwo oníṣan ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Títí débẹ̀, ohun tí ilé-iṣẹ́ tó gba owó àbúrò mi ṣe náà ni mo ṣe. Ibi tó kàn ni wọn kò dé.

Bí ìwé tí ẹ ṣí bá jẹ́ ti Yúróòpù, tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú EP, ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó lọ sí European Patent Register. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ All documents sí. Gbogbo lẹ́tà tí olùyẹ̀wò àti lọ́yà olùhùmọ̀ kọ síra wọn wà níbẹ̀, láti ìwé àwárí àkọ́kọ́ dé ọjọ́ tí wọ́n fún un ní páténtì tàbí tí wọ́n kọ̀ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni èyí náà. Inú ìwé àwárí yẹn, tó to àwọn ìwé tí olùyẹ̀wò rí jọ, ni wọ́n ti ń fi lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan. X túmọ̀ sí pé ìwé kan ṣoṣo yìí ti tó láti di ọ̀nà mọ́ ìhùmọ̀ náà. A túmọ̀ sí pé ó kàn sọ̀rọ̀ nípa àyíká ọ̀rọ̀ náà ni. Y túmọ̀ sí pé ìwé yìí nìkan kò tó, ṣùgbọ́n bí a bá so ó pọ̀ mọ́ òmíràn, ìhùmọ̀ náà di ohun tó hàn gbangba.

Y ni kí ẹ wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń pa ìwé méjì pọ̀ láti fi dá fuel cell dúró, kó lọ ka fáìlì tí Y pọ̀ nínú rẹ̀, kó sì ka ohun tí lọ́yà kọ padà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ju èyí tí mo ti rí gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé ẹnu àwọn tó ń yin Espacenet kì í débẹ̀.

Bí olùyẹ̀wò Yúróòpù ṣe ń ronú kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti fáìlì kan sí òmíràn. Yóò mú ìwé tó súnmọ́ ìhùmọ̀ náà jù. Yóò wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn, yóò bi pé kí ni ìyàtọ̀ yẹn ṣe gan-an, láti inú èyí ni yóò ti mọ ìṣòro tí olùhùmọ̀ yanjú. Nígbà náà ni yóò bi pé: ẹni tó mọṣẹ́, tó ní ìṣòro yìí lọ́wọ́, ṣé yóò mú ìwé kejì yìí, kó sì ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀? Pé ọwọ́ rẹ̀ lè tó o kò tó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé nǹkan kan wà tí ì bá tì í débẹ̀.

Mo gbé àwo àbúrò mi sórí òṣùwọ̀n yìí. Iṣan ewé ti pẹ́: àwọn olùwádìí ti ń kọ nípa rẹ̀, wọ́n sì ti ń béèrè páténtì lé e lórí, ohun tí wọ́n ń lé ni kí afẹ́fẹ́ tàn ká déédéé láìjẹ́ pé a fi agbára púpọ̀ tì í. Òwú pẹ́ ju ìyẹn lọ. Fuel cell tí General Electric ṣe fún ọkọ̀ Gemini ti NASA, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sí òfurufú lórí Gemini 5 ní August 1965, òwú ni wọ́n fi ń fa omi kúrò nínú rẹ̀. Bí àbúrò mi bá kọ ọ́ pé òun béèrè ẹ̀tọ́ lórí àwo tó ní poro bí iṣan ewé àti òwú tó ń gbé omi, mo lè bá olùyẹ̀wò kọ lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ lónìí. Y kan, Y kejì, ó tán.

Ṣùgbọ́n òwú Gemini ń gbé omi jáde ni. Ti àbúrò mi ń dá a padà. Mo fi ìyẹn hàn án, inú rẹ̀ dùn, mo sì ní kó fara balẹ̀, nítorí dídá omi padà náà kì í ṣe tuntun. Ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rinrin lára afẹ́fẹ́ tó ń jáde, kó fi sí èyí tó ń wọlé, ti wà tipẹ́ ní ìta sẹ́ẹ̀lì. Toyota tilẹ̀ ti yọ ẹ̀rọ yẹn kúrò pátápátá nínú ọkọ̀ Mirai tí wọ́n gbé jáde ní 2014: inú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú omi yípo, pẹ̀lú awọ tó tín-ín-rín àti pọ́ǹpù tó ń dá háídrójìn padà. Àbúrò mi ní ṣé kì í ṣe Toyota ló ti fi páténtì wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni, ní January 2015 wọ́n kéde pé ẹnikẹ́ni lè lo páténtì fuel cell wọn, nǹkan bí 5,680, láìsan kọ́bọ̀. Àmọ́ pé a lè lo ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ kò yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó ti wà nílẹ̀. Olùyẹ̀wò yóò kà á sí i lọ́rùn bó ṣe wà.

Ohun tó wá ṣẹ́kù ni èyí: pé òwú etí àwo nìkan, láìsí pọ́ǹpù, pẹ̀lú fáànù tí kò lágbára, lè dá omi padà tó láti mú kí awọ máa rin nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́, kí poro tó ń tín-ín-rín náà má sì dí. Ṣé ìyẹn hàn gbangba?

Espacenet kò lè dáhùn. Kò sí àpótí tí a ó tẹ ìbéèrè yẹn sí, ẹ̀rọ àwárí kankan tó bá sì ń sọ fún yín pé òun lè dáhùn rẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹnu ìwé fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn wà, nínú ohun tí àwọn tó ṣáájú kọ, pàápàá ibi tí wọ́n ti ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe fuel cell mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ bátìrì ni wọ́n ń jà lé lórí: United States v. Adams, tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá ní February 1966. Bert Adams ṣe bátìrì tó ní magnesium ní apá kan, cuprous chloride ní apá kejì. Ẹ bu omi sí i, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbé e lọ fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ọ̀mọ̀wé wọn kò gbà pé ó lè ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń rà á lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bátìrì láìsọ fún un. 1955 ló tó mọ̀. Nígbà tó pe ìjọba lẹ́jọ́, lọ́yà ìjọba ní kí ló tún wà níbẹ̀, ohun méjèèjì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, fífi ọ̀kan rọ́pò èkejì hàn gbangba. Ilé ẹjọ́ kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ mọ̀ nígbà náà ì bá mú kí wọ́n sá fún irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ni, àìgbàgbọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn sì jẹ́ ẹ̀rí fún Adams.

Ọjọ́ kan náà ni ilé ẹjọ́ náà dá ti Graham àti John Deere, tó fi ìlànà lélẹ̀ fún ẹ̀ka 103 òfin páténtì Amẹ́ríkà, èyí tó dá lórí ìbéèrè kejì yẹn: kí a wo ohun tó ti wà nílẹ̀, kí a wo ìyàtọ̀, kí a wo ìwọ̀n ìmọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà, kí a sì wo àwọn àmì bíi pé ọjà gbà á, pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá a, pé àwọn mìíràn gbìyànjú tí kò bọ́ sí i fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rí apá kejì, kó ka KSR àti Teleflex ti 2007, lórí pẹ́dàlì ọkọ̀. Níbẹ̀, ilé ẹjọ́ kan náà ní ẹni tó mọṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó ní làákàyè, bó bá sì kàn to ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pọ̀, tí ìkọ̀ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò sí páténtì níbẹ̀. Àbúrò mi wà láàárín ẹjọ́ méjèèjì yìí.

Ewu tó wà fún èmi tí mo ti rí àwo rẹ̀ ni pé ohun gbogbo ti rọrùn lójú mi. Àlọ́ àpamọ̀ ni. Tí a bá ti já a tán, kò sí ọmọ tí kò ní sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí a ka fáìlì àtijọ́ nínú Register, ká wo ohun tí ènìyàn kọ kí ìdáhùn tó dé. Ìkìlọ̀ nípa omi tó ń dí poro pọ̀ nínú àwọn ìwé tí mo kà. Ẹni tó bá ti gbọ́ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ tó, tí yóò wá mọ̀ọ́mọ̀ gbé omi lọ sí ẹnu ìwọlé, kò pọ̀. Èrò mi nìyẹn, mo sì kọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àwọn ìwé náà.

(William Grove, ará Swansea ní Wales, tó ṣe fuel cell àkọ́kọ́ ní 1839, lọ́yà ni. Ó gba ẹjọ́ páténtì rò, ó sì di adájọ́ ní 1871. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹnjiníà ẹlẹgbẹ́ mi bá ní ọ̀rọ̀ òfin kò kan àwọn.)

Ó yẹ kí n sọ ibi tí agbára Espacenet mọ. Ìwé páténtì ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin kò dá ohun tó ti wà nílẹ̀ mọ sórí páténtì. Ìwé ìwádìí yunifásítì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní ìpàdé, ìwé tó bá ọjà wá, gbogbo rẹ̀ ló kà. Òwú Gemini, inú àwọn ìwé NASA tí wọ́n kó sí orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo ti lọ wò ó. Google Scholar ni mo fi wá ti iṣan ewé, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù wà. Àwọn ìwé páténtì àtijọ́ púpọ̀ jẹ́ àwòrán ojú ìwé lásán lórí Espacenet. Ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ kò lè rí ohun tó wà nínú wọn, nọ́ńbà ẹ̀ka nìkan ló ń mú wọn jáde. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ tó wà níbẹ̀, Patent Translate, ń tú Japanese sí Gẹ̀ẹ́sì tó yé ni, ó tó láti mọ̀ bóyá ìwé kan yẹ kí a kà. Kò tó láti fi dájọ́ lórí ibi tí ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ náà parí sí. Ibẹ̀ ni kí ẹ sanwó fún ògbufọ̀, nítorí iṣẹ́ fuel cell àwọn ará Japan pọ̀ ju ohun tí a lè fojú fò lọ.

Google Patents ńkọ́? Ó yára, ó rọrùn lórí fóònù, ó sì máa ń fi àwọn ìwé tó jọra hàn nísàlẹ̀ ojú ewé. Èmi a máa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ bí mo bá wà nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo bá fẹ́ mọ ohun tí olùyẹ̀wò rò, Espacenet àti Register ni mo ń padà sí. Patent Public Search ti Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2022, lágbára gan-an, àmọ́ ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́ yóò rí i bí ohun tó le.

Bí ẹ bá sì tún fẹ́ sanwó fún ilé-iṣẹ́ àwárí, mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Àwọn tó mọṣẹ́ wà. Ẹ kàn bi wọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: ṣé ìwé tí ẹ máa fún mi yóò sọ àwọn ìwé méjì tí olùyẹ̀wò lè so pọ̀ mọ́ ara wọn sí mi, àti ìdí tó fi lè so wọ́n? Bí wọn kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ gba ibòmíràn lọ. Bí ẹ bá fẹ́ gba páténtì ní Yúróòpù, ẹ má gbé fídíò iṣẹ́ yín sórí Facebook kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀. Amẹ́ríkà fún olùhùmọ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ bá ti fi í hàn. Yúróòpù kò fún un ní irú àyè bẹ́ẹ̀, fídíò tirẹ̀ gan-an ni wọn yóò fi dá a lẹ́bi. Mo dúpẹ́ pé èmi nìkan ni àbúrò mi fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí.

Ó ti tún ohun tó ń béèrè ẹ̀tọ́ lé lórí kọ. Iṣan ewé ti di ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, òwú tó ń dá omi padà láìsí pọ́ǹpù ló wá di àárín gbùngbùn. Lọ́yà páténtì tí a bá sọ̀rọ̀ ní kó má fi ìwé sílẹ̀ láìsí èsì ìdánwò nínú rẹ̀, nítorí ipa tí a kò bá rí nínú ìwé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó máa ń ṣòro láti mú un wọlé lẹ́yìn náà. Àbúrò mi ń dán àwo mẹ́ta wò lọ́wọ́ báyìí: ọ̀kan tí kò ní òwú, ọ̀kan tí òwú rẹ̀ ń fa omi jáde bíi ti Gemini, àti tirẹ̀, gbogbo wọn nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ kan náà, pẹ̀lú fáànù kan náà. Bí volt ti ẹ̀kẹta bá dúró níbi tí ti àwọn méjì yòókù ti já wálẹ̀, èsì yẹn ni yóò kọ́kọ́ wọ inú ìwé.